Àlùmọ́gàjí Nínú Yàrá Adájọ́

Kí ìyàwó Télọ̀ tó dé ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Télọ̀ ti gbé àlùmọ́gàjí wọ yàrá ọmọ wọn. Ohun tí wọ́n sì kọ̀ fún un gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ọsibítù ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára páálí kan, ìyàwó sì ti lẹ páálí náà mọ́ ògiri lókè ibùsùn ọmọ: KÒ SÍ ÀLÙMỌ́GÀJÍ NÍBÍ. Kì í ṣe pé Télọ̀ kò rí i. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Àmọ́ ẹni tó ti ń fi àlùmọ́gàjí jẹun látìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ṣé páálí ló máa wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan?

Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, ì báà ṣe ti adìẹ tó sọnù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́ iṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde kò rọ́nà lọ mọ́. Ohun tó ń gbé e ró ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ìyá rẹ̀ ń gba ibẹ̀ da omi oògùn sí i nínú. Omi náà á jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin, á fa ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ìyá á wá dà á jáde sínú àpò òfìfo kó tó da tuntun sí i. Bí kòkòrò bá fi lè gba ẹnu rọ́bà yẹn wọlé pẹ́nrẹ́n, ikùn ọmọ á gbóná bí iná, awọ inú ikùn tó ń ṣe iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Ọdún méjì ni ìyá yìí ti ń ṣe é, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà, kòkòrò kò wọ ibẹ̀ rí. Àwọn tó ń gba àmì ẹ̀yẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ kó tó jáde ló gún Télọ̀ lára. Ó ní àwọn èèyàn ń ti òkèèrè gbé aṣọ wá fún un nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ yẹn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àpò omi kan ṣoṣo kọ́ fún ọmọ tó bí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tó wá di pé pílásítà tó di rọ́bà mọ́ ikùn Adájọ́ tutù níbi tó ti ń wẹ̀, tí etí rẹ̀ ń ṣí, Télọ̀ rò pé àyè ti yọ fóun láti fi hàn pé òun náà ń ṣe bàbá. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí Télọ̀, sọ fún un pé kó ní sùúrù, pé ìyàwó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ṣé pílásítà lásán lòun kò ní lè gé ni.

Ire ló fẹ́ ṣe. Èmi náà mọ̀. Ó gé pílásítà náà lápá òkè, nítòsí awọ ara, kò sí wàhálà. Ó tún un gé nísàlẹ̀, ó sì rí i tí ẹ̀kán omi kan yọ lára rọ́bà, ó dúró, ó jábọ́, òmíràn tún yọ. Ihò náà kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá lọ. Kí ló yẹ kó ṣe? Kó sáré pe ìyàwó rẹ̀ ni. Ohun tí télọ̀ ń ṣe sí ohun tó bá ya lòun ṣe: ó wé pílásítà tuntun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi òwú ìránṣọ dì í, ó ta kókó rẹ̀ sábẹ́, ó dì í débi tí ẹwà ìdì náà gan-an fi ń bí mi nínú. Ó wá sọ fún Adájọ́ pé kò sí nǹkan kan, kó má wulẹ̀ da ìyá rẹ̀ láàmú. Adájọ́ wo rọ́bà, ó wo bàbá rẹ̀, kò dá ẹjọ́ kankan.

Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ sí kíṣìnnì. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, àgbà wà lọ́jà, ẹ̀wà ló ń ṣà.

Nígbà tí ìyá Adájọ́ dé lọ́sàn-án, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀. Kò jókòó. Ó ti fèrèsé, ó pa fáànù, ó wọ ìbòmú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́, ó ń ka oókan dé ọgọ́ta, àárín ìka, abẹ́ èékánná, àtàǹpàkò, ọrùn ọwọ́. Adájọ́ dùbúlẹ̀, ó ń wo òrùlé. Ìyá wá rọra ká aṣọ ọmọ sókè, ó rí i pé ṣòkòtò ọmọ náà ti tutù rin. Ó rí pílásítà tí kì í ṣe òun ló lẹ̀ ẹ́. Ó sì rí òwú, òwú aláwọ̀ búlúù dúdú, irú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ilé pẹ̀lú kóòtù oníbàárà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó ní, “Láti ìgbà wo?”

Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó ní òun kò lè sọ o, ó ní bóyá ibi tí ọmọ ti ń ṣeré ni nǹkan ti ha á, ó ní ṣebí ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà kì í jókòó síbì kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹ̀bi lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí, tó sì fi òwú tirẹ̀ dì í. Adájọ́ gbé ojú kúrò lórí òrùlé, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lójú, Télọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀.

Péègì kan wà tí wọ́n fi ń fún irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìyá yọ ọ́, ó fi sí i láàárín ihò àti ikùn, péègì kò dúró. Eyín rẹ̀ ti jẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń béèrè tuntun ní ọsibítù, tí wọ́n ń dá a lóhùn pé ó ti tán, pé ó ń bọ̀, pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Péègì o, tí kò gùn tó ìka. Ẹni tó bá ní kí n má bínú sí irú nǹkan báyìí, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

“Màámi, mo lè dì í mú,” ni Adájọ́ wí. Ìyá wò ó. Ó mú un lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún un fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ka oókan dé ọgọ́ta. Lẹ́yìn náà ni Adájọ́ ṣẹ́ rọ́bà náà po nítòsí ikùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, omi sì dúró. Ìyá fi báńdéèjì mímọ́ bo ọwọ́ àti rọ́bà pọ̀.

Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú àwo ẹyin sísè méjì, wọ́n ní ebi á pa ọmọ lọ́nà ọsibítù, pé ẹyin ni dókítà ní kó máa jẹ. Ìyá Adájọ́ gba àwo náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rí ẹni tó fọwọ́ kan rọ́bà. Ìyá Àgbà ní ojú àwọn kò ríran dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Bẹ́ẹ̀, abọ́ ẹ̀wà wà níbẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ti ṣà á títí, òkúta kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ìyàwó wo abọ́ ẹ̀wà náà, ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá.” Mo rò pé èébú ni ìbá rọrùn fún Ìyá Àgbà láti gbà.

Ní ìta, Rédíò ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé ilé kejì ni, orúkọ yẹn sì bá a mu, torí ìròyìn kì í sùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun ti wí tipẹ́, pé ọmọ tí wọ́n bá ti ki rọ́bà bọ̀ níkùn, kí ìyá rẹ̀ máa fọkàn sí ibòmíràn. Ẹnu kan náà yẹn ló fi pe ọkọ rẹ̀ jáde pé kó da gbogbo pákó inú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kíá, ṣé kò rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ lọ sí ọsibítù ni. Káfíńtà ní oníbàárà ń dúró de pákó. Rédíò fúnra rẹ̀ gun ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju pákó sílẹ̀. Ẹnu obìnrin náà burú, ọwọ́ rẹ̀ kò burú.

Ìyá àti Adájọ́ jókòó níwájú. Télọ̀ jókòó sẹ́yìn láàárín ìyókù pákó, kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó lé e. Ọ̀nà kò dára, gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò ni Adájọ́ ń pa ojú dé, ìka rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Nígbà tó ṣe, ìyá rí i pé ọwọ́ ọmọ ti ń gbọ̀n, ó ní kó gbé e fóun díẹ̀.

“Ẹ ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, Màámi,” ni Adájọ́ wí. “Tèmi ló mọ́.”

Káfíńtà tó ń wakọ̀ fi apá nu ojú, ó ní eruku ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà yìí.

Ní ọsibítù, akọ̀wé ibi káàdì kò gbé orí sókè. Ó fún wọn ní nọ́ńbà kọkànléláàádọ́rin, ó ní ọjọ́ àwọn ọmọdé oníkíndìnrín kì í ṣe òní, pé kí wọ́n lọ ya káàdì tuntun ná torí etí èyí ti fàya. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń gbowó oṣù lórí làpálàpá. Ìyá Adájọ́ kò bá a jà. Ó dá nọ́ńbà padà fún un, ó ní kó bá òun fún ẹni tó lè dúró, ó sì mú ọmọ rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Akọ̀wé dìde, ó ń pè é, obìnrin náà ń lọ bí ẹni tó ń lọ sí yàrá ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ọṣẹ ló ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń lo rọ́bà. Kò sí dókítà tó lè wọ yàrá rẹ̀ láìfọwọ́, wọ́n ní ó tiẹ̀ dá ọ̀gá àgbà ọsibítù padà sídìí omi rí. Ó wo ọwọ́ Adájọ́ nínú báńdéèjì, ó wo ìyá, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún wọn láìfi bò. Bí rọ́bà yìí bá ṣeé túnṣe, òun á gé ibi tó bàjẹ́ dànù, òun á fi ẹnu tuntun sí ìyókù. Bí kò bá ṣeé ṣe, àfi kí wọ́n ki òmíràn bọ inú ọmọ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà tó sì mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọdé, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kó tó wá. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà nísàlẹ̀, ti àgbàlagbà ni, wọn kò ní èyí tó gba ọmọdé. Adájọ́ kò lè dúró de ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, Adájọ́ náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Ọṣẹ tú òwú aláwọ̀ búlúù náà díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè ẹni tó fi àlùmọ́gàjí kan ibẹ̀. Ó ní òun kò wá ẹni tí òun máa bú. Ó ní ìdì tó dára báyìí, ẹni tó mọ àlùmọ́gàjí lò ló dì í, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í gé pílásítà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gé e níbòmíràn, tó súnmọ́ ara, tí rọ́bà sì ti gba ọgbẹ́ níbẹ̀ tí ojú kò rí, tóun bá wá fi ẹnu tuntun sísàlẹ̀ rẹ̀, inú ikùn ọmọ ni kòkòrò máa gbà lọ tààrà. Ẹnu kan ṣoṣo ló sì kù ní gbogbo ilé yìí. Sítọ́ọ̀ ọsibítù ti ní kò sí látọjọ́ pípẹ́, òun ló fi èyí pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ òun nítorí ọjọ́ bí èyí. Tóun bá fi í síbi tí kò yẹ, ó parí nìyẹn.

“Ibi mélòó ló gé?”

Ìyá ní òun kò sí nílé. Télọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ẹsẹ̀ kan wọlé, èkejì wà níta.

“Èmi ni mo gé e,” ni Adájọ́ wí.

Ọ̀gá Ọṣẹ bi í pé ibo àti ibo. Ọmọ náà na ìka ọwọ́ kejì síhìn-ín, ó gbé e kúrò, ó na án sọ́hùn-ún. Kò mọ̀. Òrùlé ló ń wò nígbà tí bàbá rẹ̀ ń gé e. Kò sí irọ́ tó tíì wúwo lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń wo ojú nọ́ọ̀sì tààrà kó má baà wo ẹnu ilẹ̀kùn. Àní ọmọ tó jókòó tó ń fi ìka ara rẹ̀ di ẹ̀mí ara rẹ̀ mú, òun ló tún fẹ́ gbé ẹrù bàbá rẹ̀ lé e.

Télọ̀ wọlé. Ó yọ téèpù lọ́rùn, bóyá kò mọ̀ pé òun yọ ọ́.

“Irọ́ ni,” ló wí. “Ọmọ kọ́. Èmi ni. Ibi méjì ni mo gé. Ọ̀kan rèé. Ìkejì wà lókè níbi tí rọ́bà ti ń wọ ara, mi ò mọ̀ bóyá ó kàn án. Mo rí i tí omi ń jáde, mo dì í, mo sì parọ́ mọ́ ọmọ mi.”

Ìyá Adájọ́ ń wo ilẹ̀. Télọ̀ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìgbájú, ìgbájú kò wá, mo sì gbà pé ohun tó le jù nìyẹn.

Ọ̀gá Ọṣẹ kò tilẹ̀ wò ó. Ó tan iná tó mọ́lẹ̀ jù, ó fa dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wá, ó sì wo òkè ibi tí Télọ̀ júwe. Ó rí ojú ibi tí àlùmọ́gàjí ti gbà. Ó fi oògùn apakòkòrò nù ún, ó ní kí Adájọ́ wúkọ́. Adájọ́ wúkọ́. Wọ́n dúró. Ó ní kó tún wúkọ́ kó le. Kò sí ẹ̀kán omi kankan níbẹ̀. Ó fi rúlà wọn ìyókù láti ibẹ̀ dé ibi ihò, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní awọ òkè rọ́bà nìkan ló ha, kò wọ inú. Ó ní ìyókù tó, àmọ́ díẹ̀ ló fi tó, bí àlùmọ́gàjí bá tún kan án, kò sí ohun tí wọ́n máa gé mọ́.

Ó wá ní kí Adájọ́ jọ̀wọ́ rọ́bà, pé òun ti fi péègì gidi sí i. Adájọ́ fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kò gbọ́ràn. Wọ́n ti le gan-an. Ọ̀gá Ọṣẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra á fún un, ó sì sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì kékeré tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n wo ọwọ́ yìí dáadáa, pé láti ilé títí dé ibí, kòkòrò kankan kò rí ọwọ́ yìí gbà kọjá. Ó gé rọ́bà, ó fi ẹnu tuntun sí i, ó dì í, ó fà á wò, ó dúró gbọn-in. Ó ní wọn yóò sun ibí lọ́jọ́ mẹ́ta, omi tó bá ń jáde, òun fẹ́ máa rí i. Bó bá mọ́ gaara, wọ́n ti bọ́. Bó bá rú bí omi ìrẹsì, kí wọ́n pe òun kíá.

Òfin ilé ìwòsàn ni pé bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ á padà wá kẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ti gbé ìwé dé, ó fẹ́ kọ orúkọ ìyá sí i. Ọ̀gá Ọṣẹ gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ kọ́ ẹni tó ti ṣe é bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà láìsí àbùkù, ṣé kí òun máa kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni? Ó yíjú sí Télọ̀. Ó ní kó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, kó ká apá aṣọ sókè, kó wá sídìí omi.

Télọ̀ fọwọ́. Ó rò pé òun ti fọ̀ ọ́.

“Ẹ tún un fọ̀, Bàámi,” ni Adájọ́ wí láti orí ibùsùn. “Ẹ ò dé àtàǹpàkò.”

Ó tún un fọ̀. Adájọ́ ní ó sáré kà á. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ka oókan dé ọgọ́ta sókè bí ọmọ iléèwé, ọṣẹ ń kán sílẹ̀ láti ìgúnpá rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìbòmú. Wọ́n gbé àpò omi tuntun fún un, èyí tí wọ́n ti po oògùn apakòkòrò mọ́. Ó gbé e kọ́. Adájọ́ ń sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ẹnu yẹn, kó yí i, ó tó, kó ṣí ti ìsàlẹ̀ kí àlòkù jáde ná. Omi náà ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò òfìfo, ó mọ́ gaara, ìlà orí ilẹ̀ ṣeé rí láti inú rẹ̀.

Ó kan ibi tí wọ́n ti máa ṣí tuntun wọlé, Télọ̀ kò sì rántí èyí tó máa kọ́kọ́ ṣí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láti bi í. Obìnrin náà ti jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri látìgbà tí wọ́n ti ní kó kúrò nídìí ibùsùn. Orí rẹ̀ ti fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, báàgì rẹ̀ ti yọ́ bọ́ lórí itan. Oorun ti gbé e lọ ní ojúmọmọ. Télọ̀ la ẹnu láti pè é.

“Ẹ má jí wọn,” ni Adájọ́ wí. “Èmi ni kẹ́ ẹ bi.”

Ó sì bi í.